Òjò Funfun Ẹ̀yìnkùlé Alàgbà Oyèbánjí

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, oòrùn ràn yòò sórí Tyrrelstown ní Dublin, nílẹ̀ òyìnbó, ojú ọ̀run mọ́ kedere láìsí ìkùukùu kan ṣoṣo. Síbẹ̀ Alàgbà Oyèbánjí dúró sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nínú bàtà òjò àti ẹ̀wù òjò, ó ṣí agboòrùn sórí, ó ń retí. Ní òdìkejì ọgbà onípákó kúkúrú tó pààlà ilé méjèèjì, Ìyá Tófúnmi, aládùúgbò rẹ̀, fi ìdí ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó gbé abọ́ omi ògì jáde, ó sì fa apá sẹ́yìn láti dà á nù.

“Dúró níbẹ̀!” ni Alàgbà kígbe.

Ìyá Tófúnmi dúró gbagidi. Omi inú abọ́ kò dúró, ó ta sí i láyà.

“Háà! Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.” Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ó rántí abọ́, ó wá rọra ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lérí.

“Káàárọ̀. Dìde, dìde. Ṣé Tófúnmi ń ṣe dáadáa? Ó dára. Wojú ọ̀run.”

Ìyá Tófúnmi wojú ọ̀run.

“Kí lo rí?”

“Mi ò rí nǹkan kan, sà.”

“Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi pẹ̀lú ìwọ nìyẹn. Kí ló tiẹ̀ gbé ọ jáde lásìkò yìí?”

“Mo sùn gbàgbé ni, sà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi máa ń jáde lójoojúmọ́, kí n tó sáré bá bọ́ọ̀sì lọ síbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Alẹ́ àná ni mo gbé ògì lọ fún Adéyọmí, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Dún Laoghaire. Ilé náà jìnnà…”

“Má dárúkọ Dún Laoghaire fún mi láàárọ̀ yìí.”

“Ẹ má bínú, sà. Kí ni wọ́n fi Dún Laoghaire ṣe yín?”

“Ibẹ̀ ni Míṣítà Fergal ń gbé.” Alàgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bí ẹni pé Míṣítà Fergal lè wà nínú garawa ìdọ̀tí. “Ọdọọdún ló máa ń sọ pé ọgbà tòun ni ìgbà ìrúwé ti kọ́kọ́ dé ní gbogbo Dublin. Ó ra ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń wọn òjò àti ooru. Ẹ̀rọ náà ń yí, ó ń tan iná. Ọdún yìí, ojú á tì í, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀. Missis Dympna ń bọ̀ wá sílé mi lónìí.”

“Ta ni Missis Dympna, sà?”

“Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run.”

“Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀.”

“Kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì!”

“Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run, tí wọ́n ń retí?”

“Kì í ṣe Jésù la ń retí níbẹ̀. Òjò la ń retí. Atẹ́gùn. Ooru. Ìgbà tí ewé máa yọ, ìgbà tí ẹyẹ máa padà dé. A ń kíyè sí i, a ń sọ ọ́ fún ara wa. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Coolock, iṣẹ́ tí mo gbájú mọ́ nìyẹn.”

“Ta ló ń san owó rẹ̀ fún yín, sà?”

“Kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan.”

“Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni,” ni Ìyá Tófúnmi sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Abọ́ náà ti ń wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe máa da omi nù lójú àgbàlagbà tí kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Alàgbà sún mọ́ ọgbà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o ṣe ẹlẹ́rìí mi. Òjò kan ń rọ̀ sílé mi tí kì í rọ̀ sílé ẹlòmíràn.”

“Òjò?”

“Òjò funfun.”

“Yìnyín ni, sà. Ó máa ń já bọ́ níbí.”

“Ṣé èmi tí mo ti wà nílùú yìí láti ìgbà tí Tófúnmi ò tíì sí láyé ni mi ò ní mọ yìnyín? Òjò ni mo wí. Ó ń ṣàn. Ó funfun díẹ̀, bíi kí wọ́n fi omi ṣan ife mílíìkì. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi máa ń rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wàà! Lẹ́yìn náà ó dá. Ibi tó ń rọ̀ sí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ.”

“Ẹní kan?”

“Ẹní oníkà méjì. Ìkùukùu tiwọn níbí kéré.” Alàgbà na ìka sí ife oníike kan tí wọ́n kàn mọ́ orí òpó ọgbà, tí àmì wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. “Ohun ìwọ̀n òjò mi nìyí. Láràárọ̀ ni mo ń bá a níbẹ̀.”

“Háà! Ohun ìwọ̀n òjò ni?”

“Kí lo rò pé ó jẹ́?”

“Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ife eyín yín ni. Mo rò pé ẹ máa ń sá a síta. Mo máa ń gbójú kúrò níbẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá jáde, kí n má baà rí yín fín.”

Alàgbà fi ahọ́n ka eyín rẹ̀. Gbogbo wọn wà níbẹ̀.

“Eyín mi pé,” ló wí.

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Mo sì ti tọ́ òjò náà wò.”

“Ẹ tọ́ kí ni wò?”

“Òjò náà. Ẹni tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ lo gbogbo ara. Ó kan díẹ̀. Ó ní adùn kan lẹ́yìn. Ìgbà tí mo mu ún lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún mi tó ń dùn mí dẹ̀ mí lọ́rùn. Ìgbà ẹ̀kẹta, mo sùn dọ̀sán. Mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo fi ránṣẹ́ sí Gbólúwaga, ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Coolock, pé kó tọ́ ọ wò, kó sọ bó ṣe rí lára rẹ̀.”

“Kí ni wọ́n sọ, sà?”

“Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òjò náà rán òun létí ìyá òun.”

“Háà.”

“Ó sunkún. Ó ní ṣúgà ló kù.”

Ìyá Tófúnmi wo inú abọ́ tó gbé dání. Omi tó kù níbẹ̀ funfun díẹ̀, bíi kí wọ́n fi omi ṣan ife mílíìkì. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó ń da omi orí ògì sínú ilé. Ìta ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á sì fi agbára dà á kó lè jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Láràárọ̀ ló sì ń pààrọ̀ omi náà, kí ògì má baà kan jù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ife orí òpó.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

“Mo mọ̀. Ẹnu yà ọ́. Jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ṣé o rí ohun ìwọ̀n ooru mi?” Ó na ọwọ́ sí ohun kan tó gbé kọ́ sí igi ọgbà, ní ọ̀kánkán ihò tí èéfín ilé ìdáná Ìyá Tófúnmi ń gbà jáde. “Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìlú ń gbọ̀n. Àwọn tó ń rìn létí òkun ní Dún Laoghaire wọ kóòtù lé kóòtù. Ní ẹ̀yìnkùlé mi ńkọ́? Ooru Ìlọrin!”

“Aago wo ló bẹ̀rẹ̀, sà?”

“Kété tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó mú gan-an fún ìgbà pípẹ́.”

“Ẹ̀wà yẹn kò tètè jinná lóòótọ́,” ni Ìyá Tófúnmi sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Kí lo wí?”

“Mo ní Ọlọ́run tóbi, sà.”

“Ó tóbi. Atẹ́gùn náà tún ní òórùn. Missis Dympna bi mí pé ṣé òórùn òdòdó ni. Mo ní rárá. Ó ní òórùn kí ni? Mo ní kò ní orúkọ lédè tiwọn. Láàárín èmi pẹ̀lú ìwọ, ó jọ irú.”

“Irú pẹ̀tẹ̀?”

“Irú pẹ̀tẹ̀ gan-an! Àbí ìwọ náà gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ, sà. Mo wà nítòsí.”

“Ó káre! Ẹlẹ́rìí nìyẹn. Àrá ńkọ́?”

“Àrá tún wà níbẹ̀?” Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè.

“Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan náà! Ojú ọ̀run mọ́, àrá ń sán. Gbì! Gbì! Gbì! Ilé mi ń mì, fọ́tò ìgbéyàwó mi já bọ́ lára ògiri. Á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń nu òógùn, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń wá mànàmáná, mi ò rí i.”

“Bóyá NEPA mú un lọ.”

“Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, gbì náà di gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, bíi pé àrá náà ti ń rọ̀.”

“Iyán tó ti ń fẹ́lẹ́ ló máa ń dún bẹ́ẹ̀,” ló wí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ló ti wí i. Nígbà tó ń gún iyán náà, odó fara ti ògiri tí ilé méjèèjì jọ ní. Ó rántí pé òun tiẹ̀ ń kọrin sí i.

“Ohùn kan tún ń kọrin lókè àrá náà,” ni Alàgbà wí. “Mi ò tíì sọ ìyẹn fún Missis Dympna. Kò ní gbà á gbọ́.”

Ìyá Tófúnmi gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wá sí ẹsẹ̀ ọgbà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì lórí koríko tútù.

“Alàgbà, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀bi mi ni.”

“Ẹ̀bi kí ni?”

“Òjò náà.”

“Kí ló ṣe òjò?”

“Èmi ni mo ń rọ̀ ọ́, sà.”

Alàgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀ láti abẹ́ agboòrùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tó ń wo aláìsàn.

“Ìyá Tófúnmi.”

“Sà.”

“Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọ.”

“Rárá o, sà. Láti oṣù Kejì ni mo ti ń rọ̀ ọ́.”

“Ìwọ?”

“Èmi, sà.”

“Àrá ńkọ́?”

“Èmi náà ni, sà. Àlejò ni mo gbà.”

“Ooru?”

“Ẹ̀wà ni, sà.”

“Àwọn ẹyẹ tó kún ọgbà mi, tí wọn ò lọ sílé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa?”

“Èèrí ògì ni wọ́n wá jẹ. Mo máa ń dà á sí ẹsẹ̀ ọgbà.”

Alàgbà pa agboòrùn dé. Ó kọ́ ọ sórí ọgbà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá igi, ó sì gbé e lé Ìyá Tófúnmi lórí.

“Baba,” ló bẹ̀rẹ̀, ó di ojú, “ọmọ rẹ rèé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló ń gbà mọ́ra. Ó ní òun ló ń rọ òjò. Ó ní òun ló ń sán àrá…”

“Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbàdúrà.”

“… ó ní òun ló ń bọ́ àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run…”

“Èmi ló ń bọ́ wọn lóòótọ́!”

“… gbà á lọ́wọ́ ìgbéraga…”

“Àmín, sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.”

“… gbà á lọ́wọ́ ẹ̀mí tó ń bá a jà lójú oorun. Ní orúkọ Jésù.”

“Àmín. Ẹ gbé agboòrùn yín, sà.”

“Kí n fi ṣe kí ni?”

“Òjò fẹ́ rọ̀.”

Alàgbà wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọmọdé, ó sì ṣí agboòrùn láti fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá Tófúnmi dìde. Ó gbé abọ́. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tó máa ń dúró sí láràárọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fa apá sẹ́yìn, ó sì da omi náà bó ṣe máa ń dà á.

Wàà!

Omi náà gòkè, ó tàn nínú oòrùn bí aṣọ funfun tí wọ́n jù sókè, ó sì balẹ̀ sórí agboòrùn, pà-pà-pà-pà-pà.

“Ó ti ń rọ̀!” ni Alàgbà pariwo. Ó ń fò sókè nínú bàtà òjò. “Ìyá Tófúnmi, ó ti ń rọ̀! Wò ó! Ìwọ náà rí i! Ìwọ ni ẹlẹ́…”

Ìgbà náà ló rí abọ́ tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi ń kán láti etí agboòrùn. Ife orí òpó ti kún dé ibi tó máa ń kún dé láràárọ̀. Alàgbà ti ìka kan bọ inú rẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó di ojú.

“Òun ni,” ló wí.

“Ẹ má bínú, sà.”

“Òun gan-an ni.” Ó dojú garawa ìdọ̀tí rẹ̀ aláwọ̀ ewé dé, ó sì jókòó lé e. “Mo ti fi omi ògì wo orúnkún sàn.”

“Oògùn ni lóòótọ́, sà. Bàbá mi náà máa ń lò ó.”

Alàgbà ń wo bàtà òjò rẹ̀.

“Nígbà tí a dé orílẹ̀-èdè yìí, nínú ilé tí wọ́n kó wa sí pé ká máa retí ìwé ìgbélùú, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Òjò winniwinni ń rọ̀. Ìyá òyìnbó kan wò mí, ó ní, ‘Soft day.’ Mi ò tíì mọ̀ pé òjò winniwinni yẹn ló ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní, ‘Soft day.’ Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé. Òjò nìkan la sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá ti lè sọ̀rọ̀ òjò, mo ti wọlé.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Níbi iṣẹ́, Benji ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní Oyèbánjí gùn jù. Missis Dympna wá ní bí òun bá fi ojú ara òun rí òjò náà, òun máa fi orúkọ mi sórí àwòrán ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa ń yà. Tyrrelstown: Oyèbánjí. Mo ní kó fi àmì ohùn sórí rẹ̀. Ó ní, ‘Grand,’ ìyẹn ni pé ó dára. Ó ní kí n kọ ọ́ fún òun bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i.”

Omijé fẹ́ bọ́ lójú Ìyá Tófúnmi. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú ilé ìdáná.

“Omi ṣì wà lórí ìyókù ògì náà, sà. Bí wọ́n bá ti dé, ẹ kàn fi ikọ́ pè mí. Màá lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

“Rárá.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. N kò ní pa irọ́ òjò. Màá sọ òtítọ́ fún un.” Ó yọ fóònù jáde, ó gbé e sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ mu ún. Ó dúró. “Kí ni wọ́n ń pe ògì lédè Gẹ̀ẹ́sì?”

“Porridge ni Tófúnmi ń pè é.”

“Porridge tiwọn máa ń dúró. Bí mo bá ní aládùúgbò mi ń da porridge lù mí láràárọ̀, ọlọ́pàá ló máa pè.”

“Ẹ sọ pé omi orí porridge.”

“Yóò bi mí pé ta ló gbé omi sórí porridge.”

“Ẹ sọ pé èmi ni.”

“Yóò bi mí pé nítorí kí ni.”

Wọ́n ronú sí ìyẹn. Kí wọ́n tó rí èsì, fóònù dún lọ́wọ́ Alàgbà. Ó na apá síwájú kó lè rí ohun tó wà níbẹ̀ kà.

“Missis Dympna ni. Ó ní… ó ní òun kò ní lè wá mọ́.”

“Háà! Ta ló sọ fún wọn?”

“Dákẹ́ ná. Ó ní Dún Laoghaire lòun ń lọ báyìí. Ó ní…” Alàgbà dìde lórí garawa. “Ó ní Míṣítà Fergal ń pariwo láti àárọ̀. Òjò funfun ti rọ̀ sí ọgbà rẹ̀! Wàà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Ó bo ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Missis Dympna ní nígbà tó ti di ènìyàn méjì tó rí i, kò sí iyèméjì mọ́. Ó ní orúkọ mi ti wọ àwòrán ilẹ̀ náà láàárọ̀ yìí, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.”

Ìyá Tófúnmi gbé ọwọ́ lé àyà.

“Alàgbà. Irú ilé wo ni Míṣítà Fergal ń gbé?”

“Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òun ló ni ìsàlẹ̀ àti ọgbà. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ayálégbé tuntun sókè. Kí ló dé?”

“Adéyọmí ní ẹ̀rọ kan ń tan iná nínú ọgbà tó wà lábẹ́ fèrèsé òun.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn láti orí ọgbà. Ẹyẹ kan bà sórí igi, ó wò wọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ èèrí.

“Ẹ ṣì máa sọ òtítọ́ fún wọn, sà?”

“Màá sọ ọ́,” ni Alàgbà wí. Ó ki fóònù bọ àpò, ó tún ẹ̀wù òjò rẹ̀ ṣe, ó sì nàró ṣánṣán bí ọmọ orílẹ̀-èdè náà. “Mo ti sọ pé màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pe àbúrò rẹ ná. Bi í pé aago mélòó ló fẹ́ pààrọ̀ omi orí ògì lọ́la. Láti ọdún tí Míṣítà Fergal ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run, òjò tó ti rọ̀ ló máa ń ròyìn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un, lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀, ìgbà tó yẹ kó ṣí agboòrùn.”